Ojú Ta Ló Wà Lójú Òpó Kíláàsì Kẹrin?

Tíṣà kíláàsì kẹrin kò jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọ̀gá Ayélujára ló ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, bí èèyàn bá sì gbàgbé, á rán an létí.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ṣí ojú òpó sórí ayélujára, kí àwọn ọmọ máa gbé àròkọ wọn síbẹ̀, kí àwọn òbí lè máa kà á nílé. Tíṣà wa ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Téèyàn bá débẹ̀, fọ́tò tíṣà ni yóò kọ́kọ́ rí, nínú kóòtù. Tó bá yí i wá sísàlẹ̀, á rí tíṣà níbi tó ti ń nawọ́ sí pátákó. Níbi tí wọ́n kọ "Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ" sí, tíṣà náà ló wà níbẹ̀, ó gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣe é kà, ọwọ́ rẹ̀ ti bò ó. Ojú òpó kíláàsì kẹrin ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin káfíńtà, tó fẹ́ràn àròkọ bí ojú, lọ bá a.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa gbé tèmi jáde?"

"Mo ṣì ń tún un ṣe."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"O ò dárúkọ mi níbì kankan."

Ohun tó ń dun tíṣà ni pé kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ ìyìn kan lábẹ́ gbogbo fọ́tò wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn tíṣà yòókù ní lílo ojú òpó, tíṣà sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ipò náà ti di tòun. Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó di òbí.

Ó kọ́kọ́ di Ìyá Ìbejì: "Irú tíṣà wo rèé! Ọlọ́run ló rán an sí wa." Ó di Bàbá Káfíńtà: "Èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù." Ìyá Ìbejì ò gbà: "Irọ́ ni, èmi ni!" Ìjà náà le débi pé tíṣà ní láti fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, kó bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n fẹ́ràn òun níwọ̀nba.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé, gbọ̀ngán kún fún òbí àti ọmọ. Tíṣà tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, fọ́tò rẹ̀ sì gba ògiri tán. Alábẹ̀wò, obìnrin kan tí kì í kánjú, ka ọ̀rọ̀ àwọn òbí sókè.

"Ó dáa o. Bàbá Káfíńtà dà?"

"Wọ́n rìnrìn-àjò, mà," ni tíṣà yára dáhùn.

"Èmi rèé, mà." Káfíńtà dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ nǹkan síbẹ̀, mo bèèrè àròkọ ọmọ mi. Nígbà tí mo padà wò ó, ọ̀rọ̀ mi ti pòórá."

"Ayélujára máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni tíṣà wí. Ó sáré tẹ kọ̀ǹpútà kó lè pa ojú ìwé náà dé, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì í. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba jáde lára ògiri, lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ gan-an: ÌYÁ ÌBEJÌ, Ẹ KÁÀBỌ̀. KÍ LẸ FẸ́ SỌ LÓNÌÍ?

Ìyá ìbejì gidi, tó jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ewu ọmọ o! Ìgbà wo lẹ bí tiyín?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Alábẹ̀wò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ipò yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ jáde báyìí, lójú gbogbo wa. Kẹ́ ẹ sì ka ti ọmọ káfíńtà fún wa."

Òógùn bo tíṣà bó ti ń kà á: "Ìdí Tí Adìẹ Wa Fi Ń Yé Sínú Bàtà Bàbá Mi." Nígbà tó dé ibi tí bàbá ti kánjú ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, àwọn èèyàn ti ń di inú mú, káfíńtà fúnra rẹ̀ ń nu omijé. Bó ṣe kà á tán, gbogbo gbọ̀ngán dìde, àtẹ́wọ́ ò dáwọ́ dúró.

Tíṣà nu ojú, ó fa kóòtù rẹ̀ gún, ó tẹrí ba sọ́tùn-ún, ó tẹrí ba sósì.

"Tíṣà," ni káfíńtà wí, "ẹ jókòó. Ọmọ la ń pàtẹ́wọ́ fún."