Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Mọ́mì Má Fọhùn

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ Sátidé yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi. Olùkọ́ wa ní ká sọ ìtàn kúkúrú kan di fíìmù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n yan ìtàn obìnrin kan tó búra pé òun ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ọmọ òun á fi dé láti ìrìn àjò. Ìyá mi ni mo fi ṣe obìnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí o: ó ti tó oṣù mẹ́rin tí Mọ́mì àti Màmá Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní àdúgbò Jikpan, kò ti kí ara wọn, nítorí ìjà ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì máa ń sọ pé bí Màmá Bùkọ́lá bá lè kí òun lẹ́ẹ̀kan péré, ìjà parí.

Mọ́mì jókòó síwájú ilé. Èmi àti Bala, ọ̀rẹ́ mi tó ń ya fíìmù náà, wà lẹ́yìn fèrèsé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Mọ́mì yíjú sí Bala, ó kí i kú iṣẹ́ lédè Haúsá, ó ní, "Sannu da aiki." A tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta omi kọjá, Mọ́mì béèrè gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A tún un bẹ̀rẹ̀, ó ní ṣé Bala ti jẹun. Inú bí mi. Mo ní bó bá tún lanu, màá fìdí rẹmi, òun ló fà á. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́.

Ìgbà náà ni Màmá Bùkọ́lá sọdá títì wá bá a.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ o."

Mọ́mì wo ọ̀dọ̀ mi. Ó yẹ kí n dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀, ó bá ìtàn mu gẹ́lẹ́. Mo mi orí pé rárá. Màmá Bùkọ́lá kí i lẹ́ẹ̀kejì, ó padà sílé. Kí Mọ́mì tó sáré débẹ̀, ó ti tilẹ̀kùn.

Mo yọ ohùn Màmá Bùkọ́lá kúrò nínú fíìmù náà, olùkọ́ sì yìn mí. Ó ní ìbànújẹ́ ojú obìnrin yẹn kò jọ eré rárá. Mo dúpẹ́.

Mo gbé fíìmù náà lọ bá Màmá Bùkọ́lá, kó lè rí i pé eré ni. Ó wò ó tán lórí fóònù mi, ó bi mí pé níbo ni mo wà lásìkò náà. Mo ní ẹ̀yìn fèrèsé.

"Ṣé o gbọ́ nígbà tí mo kí i?"

Mo ní mo gbọ́. Ó dá fóònù mi padà, ó wọlé lọ.

Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ tó bá ní kéèyàn má jẹ́ ìkíni, kò yẹ ní ṣíṣe. Nísinsìnyí, ẹni tó bá kọjá níbi tí mo ti ń ya fíìmù, èmi ni mo ń kọ́kọ́ kí i, bí fíìmù náà fẹ́ bàjẹ́ kó bàjẹ́. Bala ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò tíì bá wa rẹ́rìn-ín.