Sàndéṣì Mẹ́fà Tó Di Ẹjọ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Ìdí-Ọsàn lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ tó ń dùn lẹ́nu ni. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Wàrà àti ṣúgà ni wọ́n fi se ẹjọ́ ọ̀hún.

Alàgbà Ọláníran ló pẹjọ́. Abúlé wa níhìn-ín, lẹ́yìn Lálúpọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A-pín-lẹ́tà ni kó tó fẹ̀yìntì, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn kiri. Lẹ́tà ìfẹ́ tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò lóǹkà, àmọ́ kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo wọn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, gààrí ló ń mu lálẹ́, rédíò ló ń bá jiyàn.

"Ta lẹ pè lẹ́jọ́, Alàgbà?" Baálẹ̀ bi í.

"Títíladé ni."

Gbogbo ààfin yíjú. Títíladé jókòó ṣinṣin, ó gbé báàgì lé itan. Opó ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kàwé lábẹ́ ẹgba rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

"Alàgbà, kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo gbà á, wọ́n wá ní àwọn ò ránṣẹ́."

"Iṣẹ́ ọ̀hún dà?"

"Mo ti jẹ ẹ́, Baálẹ̀."

"Ẹ jẹ iṣẹ́?"

"Ó dùn ni! Ohun funfun kan báyìí ni, mẹ́fà, nínú àwo tí wọ́n da aṣọ bò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí bí owó ẹyọ. Owó ẹyọ mẹ́fà! Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ àrokò ẹ̀fà? Ọkàn mi fà sí ọ. Fà mọ́ mi!"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀tún Baálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Mo wẹ̀, mo ní kí Mahfuz télọ̀ rán bùbá àti ṣòkòtò fún mi, mo ní kí ìjọ wa bá mi dúpẹ́. Mo délé Títíladé, mo ní, 'Mo ti gbà o.' Wọ́n ní, 'Kí lẹ gbà?' Ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Báyìí, tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin làwọn akọrin fi ń bo ẹnu. Baálẹ̀, bí ẹ bá ní kò sí iṣẹ́ nínú àwo yẹn, a jẹ́ pé mo di arúgbó tó jẹ àdídùn tán, tó ní òun ti gbéyàwó."

Ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀ díẹ̀.

"Tíṣà," Baálẹ̀ ní, "ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ gbé àwo yẹn ránṣẹ́?"

"Èmi ni. Ọpẹ́ àkàbà ni."

"Àkàbà kẹ̀?"

"Mo yá àkàbà wọn, mo fi gun àjà. Ṣé ẹ mọ̀ pé Kòlíkátà ní Íńdíà ni mo ti ń bọ̀, lọ́dọ̀ Dàpọ̀ ọmọ mi. Àwọn ará Bẹ̀ngálì tó wà níbẹ̀ kì í fi ọwọ́ òfo dúpẹ́, àdídùn wàrà tí wọ́n ń pè ní sàndéṣì ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ọmọ yege ìdánwò, sàndéṣì. Wọ́n bímọ, sàndéṣì. Àlejò yà, kò tíì jókòó tán, sàndéṣì. Bí àwa ṣe ń gbé obì kalẹ̀ làwọn ń gbé e. Ìyá kan ládùúgbò Dàpọ̀ ló kọ́ mi. Ẹ ó fún omi ara wàrà tí kò níyọ̀ dànù, ẹ ó pò ó mọ́ ṣúgà, ẹ ó máa rò ó lórí iná tí kò le, ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí wọ́n fín. Ìkarahun òkun ni wọ́n fín sára igi tèmi. Kì í ṣe owó ẹyọ! Ẹnu Alàgbà ni mo ránṣẹ́ sí, n kò ránṣẹ́ sí ọkàn wọn."

"Ṣé ẹ ti dá àkàbà padà?"

"Rárá o. Mo ṣì ń lò ó."

Ọ̀tún wúkọ́. "Mélòó lẹ gbé ránṣẹ́, Tíṣà?"

"N kò kà á."

Haà! Obìnrin tó máa ń ka ọmọ ilé ìwé kí wọ́n tó wọlé, tí á tún kà wọ́n tí wọ́n bá ń jáde! Àwọn ìjòyè wo ojú ara wọn.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n pe Mùsílímátù, oníwàrà tó gbé àwo náà lọ.

"Mẹ́fà ni mo gbé fún Alàgbà. Kí Ọlọ́run gbọ́ mi."

"Ṣé mẹ́fà ló kúrò nílé Tíṣà?"

"Ẹ ò bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́jọ ni."

"Méjì yòókù ńkọ́?"

"Oòrùn mú, Baálẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa yọ́. Ẹnu ni mo fi gbà wọ́n sílẹ̀."

"Mẹ́jọ!" Ọ̀tún pariwo. "Mẹ́jọ kúrò nílé, kí ló lè dà bí kò ṣe ẹjọ́?"

Mahfuz télọ̀ ti dìde ní tirẹ̀. "Irọ́ ló ń pa, Baálẹ̀. Mẹ́wàá ni. Ojú mi ló ṣe."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìsọ̀ mi ló ti jẹ méjì tirẹ̀. Ó wá fún mi ní méjì, ó ní kí n má sọ fẹ́nì kan pé òun jẹ méjì."

"O sì gbà?"

"N kò sọ fẹ́nì kan, Baálẹ̀. Àfi ẹ̀yin báyìí."

Mùsílímátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ wá ń fi ìka ṣírò, ojú rẹ̀ ń tàn bọ̀.

"Mẹ́wàá ló kúrò nílé. Ẹ̀wá: *ẹ wá*. Ó di mẹ́jọ lójú ọ̀nà: *ká jọ*. Ó dé ilé Alàgbà, ó di mẹ́fà: *ká fà mọ́ra*. Ẹ wá, ká jọ fà mọ́ra!"

"Ẹ gbọ́ o!" Alàgbà Ọláníran ti fò dìde. "Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ẹ jókòó, Alàgbà. Tíṣà, kí ni ìtumọ̀ sàndéṣì lédè àwọn tó ni ín?"

Títíladé ń ṣí báàgì, ó ń pa á dé. "Ìyẹn ò kan ẹjọ́ yìí."

"Ẹ dákun, Tíṣà."

"Wọ́n ní… wọ́n ní ìròyìn ni. Iṣẹ́ tí èèyàn rán."

Ariwo sọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ilẹ̀ tó pa rọ́rọ́. Baálẹ̀ tẹ́ ọwọ́ síwájú, ó bi gbogbo ìgbìmọ̀ léèrè: "Ta ló kọ́ wa ní àrokò nílé ìwé?"

"Tíṣà Títíladé ni!" Gbogbo wọn dáhùn pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì.

Títíladé kàn ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe.

Baálẹ̀ wá dájọ́. "Mùsílímátù, láti òní lọ, bí o bá gbé oúnjẹ oníoúnjẹ, o óò bu omi sẹ́nu láti ibi tí o ti gbà á títí dé ibi tí ò ń gbé e lọ. Bí omi bá dín, o jẹ̀bi. Mahfuz, ìwọ tí o gba rìbá àdídùn, ìwọ ni yóò máa pọn omi náà fún un. Tíṣà, ẹ jẹ̀bi. Ẹ ránṣẹ́ tán, ẹ sẹ́ ẹ. Ǹ bá ní kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ gbé ọwọ́ sókè, àmọ́ ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti kọ́ ìjìyà yẹn."

"Ìdájọ́ òdodo nìyí!" Alàgbà ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin náà jẹ̀bi, Alàgbà. Ẹni tí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí, àrokò ló fi ń dáhùn. Ẹ̀yin fi bùbá dáhùn. Nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún Tíṣà pé ẹ fẹ́ wọn, títí di ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá ro sàndéṣì tí kò jóná."

Alàgbà ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Baálẹ̀, omi lásán ń jóná lọ́wọ́ mi!"

"Ta ni yóò tiẹ̀ kọ́ wọn?" Ọ̀tún bèèrè.

Alàgbà ń wo ilẹ̀. Ó rántí gààrí àti rédíò tó ń dúró dè é nílé, àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ó ti ń wá fìlà rẹ̀ kó máa lọ nígbà tí Títíladé dìde, tó so ìró le, tó sì fi báàgì kọ́ apá. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀, kò sì wẹ̀yìn.

"Ẹ sọ fún Alàgbà kí wọ́n tètè dé lọ́la. Wàrà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àwa méjèèjì ò sì kéré mọ́."