Agbọ̀n Ọgọ́rin Lórí Àpáta

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa fi ń pa á lówe pé, "A kì í fi òòrùn olóòrùn sá èlùbọ́"? Ẹ máa ní òòrùn kan náà ló ń ràn lé gbogbo wa lórí, ta wá ni olóòrùn? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àwẹ̀ró kò ní bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Àwẹ̀ró ń sá gbodo lórí àpáta ìlú wa, ìyẹn iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀, tí wọ́n sá gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, ó sì fi oníbàárà ńlá kan tì í lẹ́yìn, Àlàájà Múìbátù tó ń wá láti Ìbàdàn. Ọdún mọ́kànlá ni Àlàájà kò fi ra gbodo lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àfi ìgbà tí Ìbíwùmí dé.

Ìbíwùmí yìí, tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ àpáta, òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sá gbodo. Lọ́dún tó kọ́kọ́ sá tirẹ̀, òjò ò kan ẹyọ kan. Àlàájà mú ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ wò, ó ní, "Èyí mà gbẹ o! Ìyá Kọ́lápọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá wù mí jù ni n ó gbé iṣẹ́ fún."

Àwẹ̀ró ni Ìyá Kọ́lápọ̀. Háà! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìlara ni, ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

"Kí ni obìnrin yìí ń lò?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì ló ń lò," ni Bàbá Kọ́lápọ̀ dá a lóhùn. "Ó ń kọ òjò sára ògiri."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ṣì ń kọ́ni nílé ìwé ló ti ń kọ òjò sílẹ̀, gbogbo òjò ọdún méje ló wà lára ògiri Tíṣà. Ó mọ̀ pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù kí òjò dé. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ a máa palẹ̀ agbọ̀n kan mọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fi mẹ́ta pín ọgbọ̀n, ó rí mẹ́wàá. Ó tún ṣe ìṣirò gíga kan tó fi rí i pé bí agbọ̀n bá ń pọ̀ sí i, èrè á máa gun òkè, á dé góńgó, lẹ́yìn náà á máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Góńgó tirẹ̀ náà ni mẹ́wàá. Kò jẹ́ sá mọ́kànlá láé.

Àwẹ̀ró ò mọ góńgó kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé bí Tíṣà bá gbé mẹ́wàá jáde, òun á gbé méjìlá. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń kó agbọ̀n, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ń bọ̀ o, ẹ tètè máa kó o!" ni Tíṣà pariwo.

"Ṣé ìwọ lo ni òjò ni?"

Àwẹ̀ró kó márùn-ún, òjò kó méje. Ó délé, ó ní Tíṣà ló rán òjò sí òun.

Kò pẹ́, ọdún pé, Àlàájà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá yan ẹni tí òun máa gbé iṣẹ́ fún. Àwẹ̀ró bá díbọ́n, ó lọ tọrọ iyọ̀ nílé Tíṣà, ó sì na ọrùn wo ògiri. Ó rí "Ọjọ́bọ̀". Ó rí ọgọ́rin lábẹ́ rẹ̀, Tíṣà ti fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọgọ́rin! Ọgọ́rin agbọ̀n ló fẹ́ sá lójú Àlàájà, kó lè fi mí ṣẹ̀sín! Irọ́ ló pa!"

Bó ṣe délé báyìí, ó tú iṣu ilé jáde. Ó bó o títí ó fi kan èèbù.

"Ìyá Kọ́lápọ̀, èyí tí a máa gbìn ńkọ́?"

"Ṣé ohun tí a máa gbìn ni Àlàájà ń rà?"

Agbọ̀n tán, ó bọ́ sórí abọ́. Abọ́ tán, ó mú ọpọ́n ìwẹ̀. Ó ku ẹyọ kan kó pé ọgọ́rin, ó bá ṣí àkẹtẹ̀ lórí ọkọ rẹ̀, ó da gbodo sí i.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òòrùn mú ganrínganrín. Àwẹ̀ró sá ọgọ́rin. Àpáta funfun báláú. Tíṣà ò gbé ẹyọ kan jáde, agboòrùn nìkan ló mú lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn wọlé. Òní ò dáa."

"Tíṣà," ni Àwẹ̀ró wí, ó ń mi orí, "ìlara ò dáa o."

Ọ̀sán ni Àlàájà dé. Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀run ṣú. Àwẹ̀ró sáré, ó ń tiro, ó kó márùn-ún. Òjò àrọ̀kúrò kó márùndínlọ́gọ́rin. Àgbàrá gbá gbodo láti orí àpáta, àkẹtẹ̀ Bàbá Kọ́lápọ̀ ló ṣáájú, ó gba iwájú Àlàájà kọjá, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà lọ.

Bàbá Kọ́lápọ̀ wò ó títí. Ó ní, "Èlùbọ́ ti dé, omi ti dé. Iná ló kù."

"Ta ló ní kó o sá ọgọ́rin?" ni Àlàájà bi í.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. "Ara ògiri rẹ̀ ni mo ti rí i! Ọgọ́rin ló kọ!"

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe agbọ̀n," ni Tíṣà wí. "Nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjọ́ òní, ọgọ́rin ni òjò ń rọ̀. Ìdí tí mi ò fi sá nìyẹn."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ di ti Tíṣà, agbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́.

"Mẹ́wàá lèmi lè sá," ni Tíṣà fèsì. Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń kó agbọ̀n kan?"

"Mẹ́fà," ni Àwẹ̀ró fi ohùn kékeré sọ.

Tíṣà fi ìka kọ ọ́ sára ògiri tó tutù. Ó fi mẹ́fà pín ọgbọ̀n. "Márùn-ún ni tiyín. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé oníbàárà ìyá òun kò bọ́ lọ́wọ́ òun pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. "Kí ló dé tí tìrẹ fi jẹ́ mẹ́wàá, tí tèmi jẹ́ márùn-ún?"

"Orúnkún rẹ ni kó o bi," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Márùn-ún náà ló ń sá láti ọjọ́ yẹn. Nígbà mìíràn, á wo apá ọ̀dọ̀ Tíṣà, ọwọ́ rẹ̀ á máa yọ́ lọ síbi agbọ̀n kẹfà. Bàbá Kọ́lápọ̀ á sì pariwo láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀ tó ti wọ́ lórí, "Ìyá Kọ́lápọ̀ o! Agbọ̀n márùn-ún ni òòrùn tìrẹ! A kì í fi òòrùn olóòrùn sá èlùbọ́!"