Ilẹ̀kùn Tó Dá Dúró ní Àgbàlá Ìjọba

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà ìlú wa máa wí pé ẹni tí òkú ń dúró dè kì í kan ilẹ̀kùn tí kò ní ògiri?

Oníṣẹ́ ọnà kan wà tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Kì í kun àwòrán, kì í gbẹ́ ère. Yóò gbé nǹkan sí ibi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá lójoojúmọ́, yóò sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wo ohun tí wọn yóò ṣe. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó gba àṣẹ, ó ri ilẹ̀kùn kan mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ilẹ̀kùn àti férémù nìkan ni. Kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì.

Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, èèyàn mẹ́rìnlá ti tò síwájú rẹ̀. Ẹnì kan ti fa ìwé ya, ó ń kọ orúkọ. Lámídì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, gbé àga síbẹ̀, ó ń pariwo.

"Ẹ kanlẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé o! Ṣé ilé bàbá yín nibí ni?"

Màmá Dúrótolú dé. Ọkọ rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, ọjọ́ kejì ni ìsìnkú, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló sì kù kí wọ́n tó lè gbé e jáde. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣe kò lè mọ bí ọjọ́ kan ṣe ń gùn tó. Ó ń wo akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀, tó gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà nítorí ooru.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí ìwé yìí."

"Màmá, mo rí yín. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà."

Ó tò. Lọ́sàn-án, alága ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ dé, ó ṣí fìlà, ó kanlẹ̀kùn. Nígbà tó di agogo mẹ́rin, Lámídì ti ilẹ̀kùn pa, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó gun ọ̀kadà lọ sílé. Akíntáyọ̀ dìde, ó fa ilẹ̀kùn títí, kò ṣí.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti tì mí mọ́lé!"

Àánú rẹ̀ ṣe àwọn tó wà lórí ìlà. "Ẹ ní sùúrù, sà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mosúnmọ́lá, tó ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, wo ojú opó náà, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Màmá ti kúrò lórí ìlà. Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ férémù kọjá, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

Akíntáyọ̀ wò ó bí ẹni rí iwin. "Màmá, ibo lẹ gbà wọlé?"

"Ọkọ mi ló ń dúró, ọmọ mi. Ẹ lu òǹtẹ̀."

Ó lù ú. Màmá kí i, ó sì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Akíntáyọ̀ ń ké tẹ̀ lé e:

"Màmá, ẹ bá mi wá Lámídì o! Ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà nínú ilé!"

Wọ́n sin bàbá náà lọ́jọ́ kejì, ní àkókò tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wí i ní ìlú wa pé ẹni tí òkú ń dúró dè kì í kan ilẹ̀kùn tí kò ní ògiri.