Àgbò Ló Ń Bá Bàbá Bùràímọ̀ Rìn Ín

Ọ̀sán ganrínganrín ni Bàbá Bùràímọ̀ dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè Gádà, nílùú Ẹdẹ. Wọ́n so àgbò wọn mọ́ ìdí máńgòrò, wọ́n wọlé, wọ́n na apá sí Nọ́ọ̀sì Kaosarah bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀. Fawziyah ọmọ wọn ti sọ ọ́ lórí fóònù pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò bá wálẹ̀ lónìí, òun ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Ìbàdàn, sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, níbi tí kò sí ọlọ́pọ́n ayò, tí kò sì síbi tí èèyàn ń so àgbò mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn lápá títí, ó tú wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú Bàbá.

"Bàbá, ó tún gòkè sí i ni o."

"Irọ́ ni. Tún un wọ̀n. Apá òsì lo wọ̀n, apá òsì mi kì í gbọ́ràn."

"Apá ọ̀tún ni mo wọ̀n."

"Háà! Ọ̀tún náà ti lọ kẹ́gbẹ́ burúkú nìyẹn."

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Láràárọ̀. Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, ó di ọ̀fun."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ wo? Ọbẹ̀ Sàdíátù ìyàwó mi ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Bí mo bá ń jẹ ẹ́, ẹkún ni mò ń sun. Omijé mi nìkan ló níyọ̀ nínú rẹ̀."

"Ìrìn tí mo ní kẹ́ ẹ máa rìn lójoojúmọ́ wá ńkọ́?"

Bàbá tún agbádá wọn ṣe. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gba ìyìn la dé yìí.

"Láti oṣù tó kọjá, n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń jáde láti rìn."

"Mo mọ̀ pé ẹ ń jáde. Ṣé ẹ ń rìn?"

"Mo ní mò ń jáde *láti* rìn."

Nọ́ọ̀sì fi bírò sílẹ̀. "Bàbá Fawziyah, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọ bàtà, mo jáde. N kò tíì kọjá ojúde wa tí Nasrullah ọlọ́kadà fi já sí mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn? Kí làwa ọmọ yín wá wà fún?' Ó gbé mi."

"Ẹ ò lè sọ pé rárá ni?"

"Mo sọ ọ́! Ó ní ṣé mò ń bínú sí òun ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ ẹni á dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, èèyàn ò ní gun ọ̀kadà rẹ̀?"

"Ibo ló wá gbé yín lọ?"

"Òun náà bi mí. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Ó bá gbé mi lọ síbi tí òun alára ń lọ. Àdúgbò Alájùé ni. Wọ́n gún iyán fún wa."

"Bàbá! Kẹ́ ẹ máa jáde ní ìdájí, kí àwọn ọlọ́kadà tó jí."

"Mo ṣe é. Àwọn ọdẹ àdúgbò tan iná sí mi lójú, wọ́n ní olè ni mí. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n tọrọ àforíjì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé mi délé."

"Ẹ máa yára rìn nígbà náà. Ẹni tó ń yára, wọn kì í dá a dúró."

"Ìyẹn ló burú jù. Kafilat aránṣọ rí mi tí mò ń yára, ó rò pé nǹkan ń lé mi bọ̀, ló bá ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn tó rí Kafilat náà sá. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Mo rí wọn tí wọ́n ń sá, èmi náà sá."

"Ẹ̀hẹ́n! Ó dáa fún ọkàn yín!"

"Kò tíì dáa tán tí oníkẹ̀kẹ́ kan fi dúró, ó ní kí n tètè wọnú kẹ̀kẹ́, kí ohun tó ń bọ̀ yẹn má bàa bá mi."

Nọ́ọ̀sì fi ìjáàbù bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú àgbò dání báyìí," ni Bàbá wí. "Àgbò mi kì í wọ kẹ̀kẹ́ láéláé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé wa, kò ní gbà."

"Bàbá, ẹ gbọ́n o!"

"Àgbò sì rìn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo wà nínú kẹ̀kẹ́, mo di okùn mú. Oníkẹ̀kẹ́ ń rọra wà á lọ, àgbò ń tẹ̀ lé wa."

Nọ́ọ̀sì yọjú lójú fèrèsé. Àgbò dúró lábẹ́ máńgòrò, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bíi ti agbábọ́ọ̀lù.

"Bàbá, àgbò yín ti rù!"

"Èmi náà rí i. Iléyá ń bọ̀, ẹran ti tán lára rẹ̀. Bóyá kó o bá mi wọn tirẹ̀, kó o fi ìyẹn ránṣẹ́ sí Fawziyah."

"Bàbá!"

"Mo kàn ní bóyá ni."

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ lè sọ pé kò dùn yín níbì kankan, kí ọkàn yín sì máa ṣe iṣẹ́ àṣekú. Bó bá wá di rọpárọsẹ̀, ẹ ẹ́ fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ ò ní gbà."

Bàbá wo ẹsẹ̀ wọn títí.

"Wọn ó wá máa gbé mi lóòótọ́ nígbà náà."

"Wọn ó máa gbé yín. N ò ní pe Fawziyah lónìí. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n láti ibí délé yín, ẹsẹ̀ ni! Bí Nasrullah bá dọ̀bálẹ̀, ẹ súre fún un, kẹ́ ẹ máa lọ."

Bàbá jáde, wọ́n tú àgbò, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí alùpùpù fi ń dún bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá ò bojú wẹ̀yìn.

"Nasrullah, Ọlọ́run á bù kún ọ. Máa lọ."

Alùpùpù dúró. Nọ́ọ̀sì Kaosarah ni, ó ti ṣíwọ́, ó ń lọ sílé.

"Háà, Bàbá! Nínú oòrùn yìí? Kí lèmi ọmọ yín wá wà fún? Ẹ gùn ún, ẹ jẹ́ kí n gbé…"

Ó fọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Bàbá wo alùpùpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn lèyí ń lọ. N kò wọ̀ ọ́."

Wọ́n fi okùn lé e lọ́wọ́. Àgbò ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bó o bá fẹ́ gbé èèyàn, gbé àgbò. Òun ló ti ń bá mi rìn ín láti ọjọ́ yìí. Tòní, ó kàn mí."