Ọ̀rọ̀ Ńlá Tí Mo Fi Dúpẹ́ Ọbẹ̀

Ọjọ́ Tuesday kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀ ni, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn Powis Street ní Woolwich, nílùú òyìnbó. Àwa méje la wà níbẹ̀: àgbàlagbà mẹ́fà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti tíṣà wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í pariwo. Èmi ni mo dàgbà jù. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, mo gbé àpò ìwé kọ́ èjìká.

Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kan sójú bọ́ọ̀dù: travesty. Ó ní ọ̀rọ̀ tó lágbára ni. Ó ṣàlàyé nípa kóòtù, nípa ìrẹ́jẹ, nípa ìdájọ́ tó fi òdodo ṣe ẹlẹ́yà. Ọwọ́ mi kì í yá níbi ìwé kíkọ. Kí n tó gbójú sókè, ó ti nu bọ́ọ̀dù. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí kọ ni "mockery", mo sì kọ "yẹ̀yẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ yẹ̀yẹ́. Láàárín àwa, ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó mi fi mí ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlélógún, láti orí etí mi dórí bí mo ṣe ń hanrun. Láti ọdún méjì tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún dá irú rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wa ni pé kí oníkálukú bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀, kó lo ọ̀rọ̀ náà, kó sì kọ gbólóhùn ọ̀hún wá. Àwọn tó kù ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ náà le. Èmi ń ronú èèyàn mẹ́ta. Ọ́fíìsì ni mo ń nù, kí àwọn oníṣẹ́ tó dé. Ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀rọ fákíúùmù tí mo fi ń gbálẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Plumstead. Mo rẹ́rìn-ín sí awakọ̀. Mo ní, "Good morning. Your bus is a travesty."

Ó wo bọ́ọ̀sì rẹ̀ yí ká. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Tell me about it, mate."

Mo rò pé ó ní kí n ṣàlàyé ni. Mo dúró tì í, mo ń wá àlàyé, títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé mi lórí.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù Lánre tó máa ń gẹrun fún mi. Ó gẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, mo wo dígí, mo bá fi ẹ̀fẹ̀ sọ pé, "Lánre, irun yìí, travesty ni o."

Ó pa ẹ̀rọ. "Daddy, mi ò tíì parí now! Ó dáa." Ó fá gbogbo rẹ̀ dànù, kodoro. Inú oṣù kejì la wà. Òtútù ń rìn lórí mi bí èèrà.

Ẹnì kẹta ni Auntie Ràmọ́tà, ará Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Ilé kan náà là ń gbé ní Yarnton Way, àjà kan ló wà láàárín wa. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, á kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì, á gbé abọ́ ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Daddy Kẹ́mi, ẹ jẹun o."

"Ẹ ṣé."

Ó tán. Kẹ́mi ọmọ mi ń gbé ní Manchester, fóònù ló fi ń kí mi. Nítorí náà, ìkànlẹ̀kùn yẹn nìkan ni ilé mi ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀fọ́ rírò ló gbé wá ní Jímọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ọpẹ́ mi ju "ẹ ṣé" lọ, kí yẹ̀yẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fọ abọ́. A kì í dá abọ́ padà lófìfo, mo bá kó ọsàn mẹ́rin sínú rẹ̀, mo sì kọ ìwé kékeré lé e: "Auntie, your soup is a travesty. My late wife always said so." Mo dárúkọ olóògbé kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo. Ó ti lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kíláàsì wà ní ìsinmi. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo jókòó láti aago méjì. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Aago mẹ́fà lù, mo jẹ búrẹ́dì. Ní Sátidé mo pàdé rẹ̀ nídìí lífítì. Bàtà mi ló wò, ó ní, "Ẹ káàsán," ó sì gba ibi àtẹ̀gùn lọ.

Nígbà tí kíláàsì padà, mo ka gbólóhùn mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè. Tíṣà fọwọ́ bojú. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń wa takisí, tó jókòó tì mí, dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà gbé e dé o! Ẹ sọ fún obìnrin olóbìnrin pé ìwọ̀sí ni ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fún oúnjẹ! Ẹ wá tún pe òkú wá jẹ́rìí!"

N kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn Auntie Ràmọ́tà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ kó tó ṣí i. Aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó kan, ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó rò pé mo ti dákú. Ó ń pe ánbúláǹsì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Auntie kúnlẹ̀ wìì, ó fi ìka méjì tẹ ọrùn mi.

"Daddy Kẹ́mi! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Mo ṣàlàyé láti orí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó mú ìka kúrò lọ́rùn mi.

"Mo ti ń rò ó pé, ṣé bí Mummy Kẹ́mi ṣe ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn rèé? Ẹni tí mo pè lọ́rẹ̀ẹ́."

"Kò sọ ọ́ rí láéláé."

"Ọbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ó dùn àbí kò dùn?"

"Ó dùn."

"Ọdún méjì, Daddy! Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: mo lọ wá ọ̀rọ̀ ńlá dé Woolwich, èyí tí mo nílò sì ti wà lẹ́nu mi láti kékeré. Mo jẹ oúnjẹ ìyàwó mi fún ọdún mẹ́rìnlélógún, àjẹtán ni mò ń jẹ ẹ́, n kò sọ nǹkan kan.

"Ó dùn," mo tún un sọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kì í ṣe ti Auntie Ràmọ́tà.

Mo fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀. Òun fa ọwọ́ kan, òyìnbó fa ìkejì, ajá ń lá mi létí. Ẹ̀rín pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló kọ́kọ́ gbé mi dìde.