Ascensore Ilé Fàòsíyà

Ọdún mẹ́sàn-án ni Fàòsíyà ti ń fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin ilé Comune, ìyẹn ilé ìjọba ìlú, kan ní ìlú Torino ní Italy. Fúláàtì tirẹ̀ nìkan ló rà níbẹ̀. Comune ló ṣì ni ilé, gbogbo àwọn tó ń gbébẹ̀ ló sì jọ ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìwé dé pé ó jẹ ẹgbẹ̀rin Yúrò fún ìtọ́jú ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè. Ilé náà kò sì ní ascensore.

Ó mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé. Akínbọ̀dé ni wọ́n fi síbẹ̀ fún àwa ará Nàìjíríà, ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì tó gbà pé kò sí ohun tí òun ò mọ̀ ní Italy.

"Màmá, spese, owó ìtọ́jú ilé, ni wọ́n ń pe èyí," ni Akínbọ̀dé wí, bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀. Spese lorúkọ rẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ látìgbà tó ti dé."

"Owó ascensore yín ni."

"A ò ní ascensore."

Akínbọ̀dé yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ wò ó. Ascensore, ẹyọ kan, èèyàn mẹ́fà."

"Ibo ló wà nínú ilé?"

"Wọn ò kọ ìyẹn síbí. Ṣé ẹ ti wá a dáadáa? Òmíràn máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Fàòsíyà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rò ó pé táì yẹn ti fún un lọ́rùn jù, ẹ̀jẹ̀ ò gòkè dé ọpọlọ mọ́. Ó ní òun mọ ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà, títí kan ajá tí ẹnì kan ń fi pamọ́. Akínbọ̀dé ní bóyá kò ní sùúrù ni, pé ascensore máa ń pẹ́ kó tó dé.

"Fún ọdún mẹ́sàn-án?"

"Italy la wà, Màmá. Sùúrù ló gbà."

Ó fi kún un pé òní ni gbèdéke. Tí kò bá san án, avvocato, ìyẹn lọ́yà, ni yóò kọ̀wé sí i, ọ̀rọ̀ fúláàtì náà sì lè dé kóòtù. Ọdún mọ́kànlá ni Fàòsíyà fi wẹ̀ fún àwọn arúgbó Torino kó tó rówó ra ilé yẹn. Ó dìde, ó ní kí àwọn jọ lọ. Tí Akínbọ̀dé bá fi ascensore han òun, òun á san án lójú ẹsẹ̀. Akínbọ̀dé mú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ilé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nísàlẹ̀ ilé, ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ìgbálẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ṣí èkejì, ó bá míta iná. Ní àjà kejì, ó gbá ògiri, ó tẹ́tí. Ní àjà kẹta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tú táì.

"Kí lo rí?" ni Fàòsíyà bi í.

"Fọ́ọ̀mù yìí ò ní àyè fún 'kò sí'. 'Ó ti bàjẹ́' ló wà níbẹ̀."

"Kí n tún wá san owó àtúnṣe?"

"Ó dáa, màá kọ ọ́ pé wọ́n jí i."

"Kọ ọ́. Tí àwọn ọlọ́pàá carabinieri bá dé, orúkọ rẹ ni màá fún wọn. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n rí."

Akínbọ̀dé fa ìlà la ìwé owó náà já, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ilé náà kò ní ascensore, ó sì buwọ́ lù ú. Fàòsíyà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fóònù yà á. Akínbọ̀dé wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún omi mímu.

"Omi wà lókè," ni Fàòsíyà wí. "Ṣé wàá fẹsẹ̀ lọ, àbí wàá dúró de ascensore?"